Ọjọ́ Tí A Fi Òjá Pọn Màámi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi bí mo ṣe ń kọ̀wé dá mi lẹ́jọ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá jókòó ti ìyá mi nídìí ògì tí wọ́n ń tà. Ìyókù tí mo mọ̀ nípa ìwé kíkọ, ilé kéú ni mo ti rí i, àti Yorùbá tí mò ń kà lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ mi kò lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo bá wà láàárín èèyàn, ahọ́n mi a máa wúwo, wọn a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan kí n tó rí èyí tí mo fẹ́ sọ kó jọ. Ṣùgbọ́n tákàdá kì í wo èèyàn lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í.

Ẹ óò rí i pé n kò dárúkọ ẹnì kankan. Kì í ṣe pé mo ń fi nǹkan pa mọ́. Ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyá ọkọ mi, Màámi ni mò ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé, Ẹ̀gbọ́n náà ni mò ń pè wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n bí sí ìlú yìí, tó ṣì ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń bú mi ni?" Mo ní rárá o, eyín rẹ̀ ló funfun ju owó lọ ni mò ń wí. Ó mú owó bébà kan jáde nínú àpò, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, kò tough láti funfun ju èyí lọ." Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ní ìlú yìí, wọ́n máa ń sọ ìjì lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Ìjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n n kò ní pe ti òun náà.

Òkè pátápátá la ń gbé nínú ilé káńsù kan, ilé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Àyà Màámi kò dára. Dókítà ní èéfín igi ìdáná tí wọ́n ti ń fà símú láti kékeré ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ kan wá fún wọn, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn tọ̀sán-tòru. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà, á sẹ́ ẹ bí a ṣe ń sẹ́ ògì, á sì fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́ sí Màámi nímú gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Iná ló ń lò. Kì í dákẹ́; á máa kùn, á máa mí kanlẹ̀. Màámi ní orogún àwọn ni. Bí mo bá gbé tíì wọlé láàárọ̀ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á ní, "Mo jí ire. Orogún mi nìkan ni kò sùn, gbogbo òru ló fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí mi lọ́rùn."

Èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ọkọ mi ń wa lọ́rì ńlá lọ sí apá àríwá ọ̀hún, níbi tí òtútù ti mú ju tibí lọ, ó sì lè má wọlé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìyálé mi, ìyẹn ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ti lọ sí Nàìjíríà lásìkò náà láti lọ tọ́jú bàbá wọn. Nítorí náà, èmi ni mo mọ ìró orogún yìí jù. Mo mọ èyí tó jẹ́ kíkùn lásán, mo mọ èyí tó jẹ́ pé rọ́bà ló ká. Fún ìgbà tí iná bá lọ, wọ́n gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ mímọ́ kan sí igun yàrá. Ṣùgbọ́n a ti lo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí a gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dé.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Káńsù kan nǹkan róbótó funfun kan mọ́ ògiri ilé ìdáná, tó yẹ kó pariwo bí èéfín burúkú bá wọlé. Bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, ó wá ń dún "píì" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ adìẹ tó sọnù. Ìdílé mélòó la mọ̀ ní Peckham tí nǹkan yìí ti ń dún "píì" láti ọdún tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ mọ́? Àwa gbọ́ tiwa ní tiwa, nítorí pé kò jẹ́ kí Màámi sùn. Ẹ̀gbọ́n gun àga, wọ́n tú u, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀ láàárín àwọn ṣíbí. Gbogbo wa la dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìjì, gbogbo fóònù tó wà nínú ilé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ìró fóònù tí a mọ̀. Màámi dìde jókòó.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá," Eyínfúnjowó ní, ó ń ka ti ọwọ́ rẹ̀. "Ìjọba ni. Wọ́n ní ìjì ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní red ni, èyí tó le jù. Wọ́n ní ó lè pa èèyàn, kí gbogbo èèyàn jókòó sílé."

"Ìjọba ló wá ń pariwo bẹ́ẹ̀ létí arúgbó? Kí ìjì tó dé, wọ́n á ti pa mí."

Mo sáré lọ sí Rye Lane láti ra búrẹ́dì, àbẹ́là àti ìṣáná. Àwọn oníṣu ti ń kó iṣu wọnú ilé, àwọn tó ń ta aṣọ ń ká tápólì onílà tí wọ́n fi ń ṣe ìbòrí kúrò lórí páípù. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè mi ewé. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo padà délé, èmi àti Eyínfúnjowó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà ní bákónì wọlé: ìkòkò ńlá tí a fi ń dáná ọdún, àga rọ́bà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́, garawa, okùn aṣọ. A bu omi kún báàfù. Mo se ẹyin, mo se iṣu, mo bu omi gbígbóná sínú fúláàsìkì. Mo fi gbogbo fóònù sí iná. Mo sì ń wo sílíńdà yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, bí ẹni ń wo ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un.

Mo ní kí Eyínfúnjowó bá mi pe àwọn tó ni sílíńdà. Wọ́n dá a lóhùn pé orúkọ Màámi ti wà níbẹ̀, pé ní kété tí ìjì bá rọlẹ̀, wọ́n á dé.

"Tí iná bá lọ kí ó tó rọlẹ̀ ńkọ́?" mo ní kí ó bi wọ́n.

"Wọ́n ní ká pe ambulance."

Ẹ̀gbọ́n wọlé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ̀rín sì kún ẹnu wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa ra ẹrù àlòkù jọ, fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Láti inú ẹrù yìí ni wọ́n ti fa jẹnẹrétọ̀ kékeré kan yọ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé e gun òkè. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ kejì.

"Ìyàwó wa, wá wo nǹkan! Kí òyìnbó máa ra àbẹ́là kiri. Ta ló fẹ́ kọ́ àwa ní ohun tí à ń ṣe bí iná bá lọ?"

Màámi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Òkùnkùn kì í ṣe àlejò nílé wa."

"Dádì, nǹkan yẹn máa ń pariwo," Eyínfúnjowó ní. "Àwọn neighbour máa complain."

"Kí wọ́n lọ complain fún ìjì."

Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ nínú mi kí n tó yanu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà. Níbo la máa gbé e sí?"

"Bákónì ni. Ṣé o rò pé inú ilé ni?"

"Èéfín rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ìyàwó, ìta ni bákónì. Ìta gbangba! Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ lọ́la yìí, kí èéfín tó jáde tán, á ti gbé e dé Stockwell."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ní ìlú wa, nígbà tí mo wà ní kékeré, télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tó ní ìyàwó àti ọmọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè fi rán aṣọ ọdún. Ó ṣí fèrèsé o. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa ọmọdé wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbé wọn jáde. Ojú wọn kò yàtọ̀ sí ojú ẹni tó sùn. Ọmọ kékeré yẹn ṣì fi ọwọ́ mú etí aṣọ ìyá rẹ̀.

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo pe ọkọ mi. Wọ́n ti ní kí gbogbo lọ́rì ńlá dúró síbi kan lójú ọ̀nà, kò lè wá, kò lè lọ. Mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un.

"Kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n rìn ni Ẹ̀gbọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀," ó ní. "Jọ̀ọ́, má bá wọn jiyàn. Èmi kò sí nílé, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó mi ń ko wọ́n lójú. Ìwọ ṣáà bá mi tọ́jú Màámi."

Mo ní ó dáa. Bí n kò bá bá wọn jiyàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́jú Màámi? Ìbéèrè yìí, n kò lè bi í. Mo jókòó sí etí báàfù tó kún fún omi, mo ń wo ojú ara mi nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a kí ìrun àsùbáà tán tí ìjì fi dé. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó ń fọn fèrè ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ó di ohùn ńlá kan tí kò mí, tí kò sinmi. Fèrèsé ń wárìrì nínú igi rẹ̀. Mo rí garawa ìdọ̀tí ńlá onítáyà tó ń sáré nìkan lójú títì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nǹkan kan já lórí òrùlé wa, ó sì ń lù ú, gbà, gbà, gbà, títí tí etí wa fi kún. Màámi ń ka tẹ̀súbáà wọn. Ẹ̀gbọ́n ń rìn láti yàrá sí pálọ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí iná lọ. Orogún Màámi ké gbàrà, ó ké ẹ̀ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yẹn, n kò tíì gbọ́ kí yàrá Màámi dákẹ́ rí. Ó bà mí lẹ́rù ju ìjì lọ.

Mo ṣí sílíńdà, mo yí rọ́bà sí i. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀, tó ń sọ ìwọ̀n tó kù nínú rẹ̀, kò jìnnà sí pupa. Eyínfúnjowó ń pe ambulance. Ó dúró pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Ó ń sọ̀rọ̀ fatafata, lẹ́yìn náà ó yí sí wa.

"Wọ́n ní wọ́n máa wá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìgbà. Wọ́n ní igi ti dí ọ̀nà. Wọ́n ní kí a má jáde."

"Ṣé o sọ fún wọn pé sílíńdà fẹ́ tán?"

"Àǹtí, mo sọ! Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

Ẹ̀gbọ́n kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti wà ní bákónì, wọ́n ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ó wúkọ́, ó kọ̀. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dáhùn. Wọ́n na wáyà gba ẹnu ọ̀nà bákónì wọlé títí dé yàrá. Wáyà yìí kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà pa dé, wọ́n bá fi aṣọ ìnura dí àlàfo rẹ̀. Orogún Màámi ta jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rí i?" Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo dá rọ́bà padà sára ẹ̀rọ, mo ti sílíńdà pa kí ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ má baà tán. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé èmi ni òmùgọ̀.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí. Dípò kí ó máa gba iwájú ilé kọjá, ó wá kọjú sí wa gangan, ó ń ti gbogbo ohun tó wà ní bákónì sínú ilé. Aṣọ ìnura wú, ó já bọ́. Mo tún un dí, ó tún já bọ́. Òórùn bẹntiróòlù kún pálọ̀.

"Òórùn lásán ni," Ẹ̀gbọ́n ní. "Òórùn kì í pa èèyàn."

Eyínfúnjowó ní orí ń fọ́ òun, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn. Ọmọ tí kì í panu mọ́, ó dákẹ́. Màámi pè mí. "Ìyàwó, orí mi wúwo." Tẹ̀súbáà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì wá a. Mo wo ẹ̀rọ yẹn bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ yàrá símú. Ohun tó bá wà nínú yàrá ló ń sẹ́ fún wọn. Kò lè sẹ́ ohun tí kò sí.

Mo sá lọ sí ilé ìdáná láti ṣí fèrèsé. Ìjì kò jẹ́ kí n tì í ju ìka díẹ̀ lọ. Mo fi imú mi sí ibẹ̀, mo mí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lódìkejì títì, mọ́sáláṣí kan wà tí wọ́n fi ilé gbígbé ṣe. Gílóòbù kan máa ń tàn lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti ṣí i fún ìrun. Gbogbo ilé tó wà ní apá tiwa ṣú. Gílóòbù yẹn ń tàn.

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, Ẹ̀gbọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Ẹ̀gbọ́n."

Wọn kò gbọ́. Ohùn mi kò jáde ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo tún un pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa jẹnẹrétọ̀."

"Ká pa kí ni?"

"Èéfín rẹ̀ ni. Orí ń fọ́ gbogbo wa."

"Tí a bá pa á, kí ni Màámi máa fi mí? Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, yóò pa wá. Bí ó bá dákẹ́, sílíńdà tó ti ń kú lọ nìkan ló kù láàárín Màámi àti ikú. Mo wo Eyínfúnjowó lórí àga, ojú rẹ̀ pa dé, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú ẹni tó sùn.

Ẹsẹ̀ mi ló lọ, èmi kọ́. Mo kọ́kọ́ lọ sí yàrá, mo ṣí sílíńdà, mo yí rọ́bà Màámi padà sí i. Mo kọjá níwájú Ẹ̀gbọ́n láì tẹ orí ba, mo ṣí ilẹ̀kùn bákónì. Ìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo rá bàbà lọ bá jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo sì pa á.

Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́yìn mi. "Ìwọ! Ta ni ìwọ? Ta ló fún ọ láṣẹ nínú ilé yìí? Bí ìyá mi bá kú lónìí, ìwọ lo pa wọ́n, màá sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé!"

"Mọ́sáláṣí ní iná," mo ní.

"Kí lo wí?"

"Mọ́sáláṣí ní iná! Mo rí i láti fèrèsé!" N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lára. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ síbẹ̀!"

"Nínú ìjì yìí? Tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde?"

Bí wọ́n ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni Eyínfúnjowó yí padà lórí àga, ó sì bì. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. "Dádì," ó ní, "n ò mọ ohun tó ń ṣe mí." Ẹ̀gbọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Ojú wọn yí padà, ó di ojú ọmọkùnrin kékeré tó já nǹkan fọ́. Wọn kò sọ pé mo tọ̀nà. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Ṣí gbogbo fèrèsé. Báwo la ṣe máa gbé wọn?"

Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè sódò ti kú pẹ̀lú iná. Àtẹ̀gùn wa tóóró. Ẹ̀gbọ́n gbé Màámi sí apá bí ẹni gbé igi, wọn kò rí ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú. Wọ́n dá Màámi padà sórí ibùsùn, wọ́n ń sunkún.

"Pọ̀n mí," Màámi ní.

"Màámi?"

"Mo ní kí o pọ̀n mí. Ṣé èmi kò pọ̀n ọ́ rí ni?"

Mo sáré sí ìdí àpótí mi. Òjá kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ìyá mi fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ níbí. Aṣọ òfì ni, ó gùn, ó sì lágbára. Wọ́n ní kí n fi pọn ọmọ mi. Ọmọ náà kò tíì dé, òjá sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, n kì í fẹ́ rí i. Mo fà á yọ. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé Màámi lé wọn lẹ́yìn, mo fi òjá gbá wọn, mo so ó níwájú. Màámi kò wúwo ju ọmọ lọ mọ́.

"Fún òjá náà dáadáa," Màámi ní pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó kù. "Kí n má lọ jábọ́ bí ọmọ abiyamọ àkọ́bí."

Afẹ́fẹ́ orí àtẹ̀gùn jí Eyínfúnjowó díẹ̀. Ó di àpò sílíńdà mọ́ra, ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí kí rọ́bà má baà já. Èmi ni mo gbé orogún. Mo kọ́kọ́ rù ú sórí, nítorí orí ni mo fi ń ru ẹrù láti kékeré. Bí a ṣe yọ sí ìta báyìí, ìjì gbá a, ó fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbá a mọ́ ikùn, mo sì tẹ̀ síwájú.

Títì yẹn kò ju ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọdá rẹ̀ láì ronú. Lọ́jọ́ yẹn, kò tán. Igi kan ti wó lé ọkọ̀ kan lórí, ẹ̀ka rẹ̀ sì dí ọ̀nà. Àwo amọ̀ òrùlé kan fọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó tú yángá. Ẹ̀gbọ́n ń rìn bí akàn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kọ́ ìjì, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lẹ́yìn lábẹ́ ìdí ìyá wọn, wọ́n sì ń pariwo, "Lá iláha illallah! Lá iláha illallah!" Eyínfúnjowó kígbe, "Àǹtí, ó ti wọ pupa! Ó ti wọ inú pupa!" Mo wo ètè Màámi lórí èjìká Ẹ̀gbọ́n. Ó ti dà bí èérú.

Ìyàwó Alfa mọ́sáláṣí náà ló ṣílẹ̀kùn. Wọn kò bi wá ní nǹkan kan. Wọ́n wo ìyá tó wà lẹ́yìn ọmọ, wọ́n wo ẹ̀rọ tó wà ní ikùn mi, wọ́n kàn nawọ́ sí ara ògiri, "Ibẹ̀ ni iná wà." Mo ki wáyà ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Kò dún. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Ó ké ẹ̀ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

A gbé Màámi dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, a fi ìrọ̀rí gbé àyà wọn sókè. Gbogbo wa ń wo imú wọn. Ẹ̀gbọ́n di ẹsẹ̀ wọn mú, òjá tí a tú kúrò lára Màámi ṣì wà níkùn wọn, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni Màámi ṣí ojú kan.

"Orogún mi dà?"

"Ó wà níbí, Màámi."

"Ṣé ó ń kùn?"

"Ó ń kùn, Màámi."

"Ó dáa." Wọ́n pa ojú dé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé mi jáde láì wọ ìbọ̀sẹ̀."

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ambulance wá bá wa ní mọ́sáláṣí. Wọ́n fi nǹkan há wa níka lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ bí èéfín ṣe wọ̀ wá lára tó, wọ́n fi ìbòmú bo Eyínfúnjowó nímú fún ìgbà díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là. Obìnrin kan nínú wọn béèrè ohun tí a lò. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún un, ó mi orí, ó sì béèrè ẹni tó pa jẹnẹrétọ̀ náà.

"Àwa ni," Ẹ̀gbọ́n ní. "A pa á."

Mo wo kápẹ́ẹ̀tì.

Iná ti dé nígbà tí a padà sílé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń pe gbogbo mọ̀lẹ́bí ní Nàìjíríà lórí fóònù, wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe pọn ìyá àwọn nínú ìjì. Inú mi kò bàjẹ́ sí ìyẹn. Wọ́n pọ̀n wọ́n lóòótọ́, mo sì rí ẹsẹ̀ wọn bó ṣe ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà ló kó mi lọ́kàn sókè. Wọ́n yíjú sí wa, wọ́n ní, "Ibi tí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ni kò dára. Ìjì mìíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n ti sọ ọ́. Kíṣìnì ni mo máa gbé e sí, ká ṣí fèrèsé sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò ní lè ti èéfín rẹ̀ wọlé mọ́."

Eyínfúnjowó wò mí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n tún pariwo. Mo wá ohùn ọ̀sán yẹn nínú ara mi, n kò rí i. Mo gbé abọ́ lọ sí ilé ìdáná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, kí àwọn yòókù tó jí, mo ṣí ilẹ̀kùn bákónì. Ìta dákẹ́, bí ẹni tó sunkún tán. Mo kúnlẹ̀ ti jẹnẹrétọ̀. Sípánà kékeré tó bá a wá wà nínú nylon tí wọ́n so mọ́ ọn lára. Mo fi tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tó ń ṣáná fún un kí ó tó lè tan, mo fà á yọ, mo sì dá fìlà rọ́bà rẹ̀ padà síbi tó wà kí ẹnikẹ́ni má fura. Mo nu púlọ́ọ̀gì náà. Mo so ó mọ́ etí òjá, bí ìyá mi ṣe máa ń so owó ògì mọ́ etí aṣọ wọn, mo ká òjá náà, mo sì dá a padà sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Lẹ́yìn náà, mo gbé tíì lọ fún Màámi.